Ẹ má fi ìyà kún ti ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lọ́gbẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín nípa àwọn ọmọ tó ń fọwọ́ ara wọn dá ara wọn lọ́gbẹ́. Ó ní àṣejù ni, ó ní wọ́n kàn fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo àwọn ni, pé bí òbí bá fi ojú wọn rí màbo lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní dán an wò mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò, tí wọ́n ti ń dì í, ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì.

Àwọn tí mo tọ́jú, abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi egbò wọn pa mọ́ sí. Ooru á máa mú gbogbo wa, aṣọ alápá gígùn ni wọ́n á wọ̀ wá. Wọ́n á ní àwọn yọ̀ ṣubú ni. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wo òun kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ láti fara pa mọ́. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni onílẹ́tà yẹn sọ, ẹni tó ní láti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bojú wò ó, ṣé kò yẹ ká bojú wò ó ni?

Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá nígbà kan. (Mo ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀.) Egbò náà gba rírán. Bí mo ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ ìrora, ìyá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rán an bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùn ún. Ṣebí ohun tó ń wá nìyẹn." Mi ò dá a lóhùn, mo gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba obìnrin náà. Ìbínú òbí nírú àkókò yẹn, ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ti ọ̀rọ̀ yìí ní 2004, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé kí wọ́n fún ẹni tó ṣe ara rẹ̀ léṣe ní oògùn apàrora tí wọ́n bá ń rán egbò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìyá yẹn nìkan.

Nígbà tí ìyá jáde, ọmọ náà sọ fún mi pé, "Bí mo bá ṣe é, ariwo inú orí mi á dákẹ́ díẹ̀." Kò mẹ́nu kan ikú rárá. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ bẹ́ẹ̀: ìbànújẹ́, ìbínú, ohun burúkú tí ẹnì kan ṣe fún wọn, tàbí ọkàn tó kú tíípẹ́ tí kò mọ ohunkóhun lára mọ́, òun ni wọ́n ń wá ọ̀nà àbáyọ fún. Bí ara bá fara pa, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan jáde tó ń dín ìrora kù, ó jọ pé ó wà lára ìdí tí ara wọn fi ń balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà ló léwu. Ìtura á lọ, ìtìjú á gba ipò rẹ̀, ohun tó fa ọ̀rọ̀ á ṣì wà níbi tó wà. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bó bá yá, èyí tó tù ú lánàá kò ní tù ú mọ́, á fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti rí ìka tí kò ṣeé ká mọ́ nítorí iṣan tó bàjẹ́. Mo ti rí egbò tó kẹ̀ nítorí pé ìtìjú ò jẹ́ kí ẹni tó ni ín wá, àrùn ipá tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì sì lè gba ojú egbò bẹ́ẹ̀ wọlé sí i lára. Mo ti rí ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti kú tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé nínú ohun tí wọ́n fi ń fura sí ẹni tó ṣeé ṣe kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí ó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe rí wà lára èyí tó lágbára jù. Nítorí náà, kò sí èyí tí a lè pè ní eré nínú rẹ̀.

Wọn kò sì kéré níye. Nínú ìwádìí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tí wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2014, nǹkan bí 17 nínú 100 ọ̀dọ́langba ló ti ṣe é rí. Àgbà náà ń ṣe é. Mo ti di egbò baba ọlọ́mọ rí.

Ṣé ó ṣeé bọ́ nínú rẹ̀? Ó ṣeé bọ́. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Marsha Linehan. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní 1961, nítorí bó ṣe ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó jáde, ó kàwé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DBT, tí ìwádìí tó ṣe lé e lórí jáde ní 1991. Ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ ni ìtọ́jú náà: bí èèyàn ṣe lè dá ohun tó ń ṣe é lọ́kàn mọ̀, bó ṣe lè fara da wákàtí tó le láìfi egbò kún un, bó ṣe lè béèrè ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó di 2011 kí obìnrin náà tó sọ ọ́ ní gbangba pé òun fúnra òun ti wà nínú ẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin kan ká ìwé pélébé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "Mi ò ṣubú, Mà. Ẹ má sọ fún Dádì." Mo ní mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo ṣèlérí pé òun ló máa kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ́ sọ fún, màá sì jókòó tì í. Ó gbà. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Kò di dandan kí ẹ là á sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Gbólóhùn kan tó fún ẹnì kan tí ọkàn yín balẹ̀ sí, dókítà, olùkọ́, ẹ̀gbọ́n, kí ẹni náà sì bá yín débi tí ìtọ́jú wà. Bó bá ti ń wù yín ṣe, ẹ kúrò nínú yàrá yẹn, ẹ lọ síbi tí èèyàn wà; ìfẹ́ náà máa ń ga, ó sì máa ń relẹ̀. Bó bá jẹ́ ikú lẹ ń rò, ẹ má dá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì ti dáwọ́ dúró tí ẹ tún wá ṣe é, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú yín. Kò ní yà á lẹ́nu.

Ẹ̀yin òbí, egbò ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣe é. Ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Ẹ má mú un búra pé òun ò ní ṣe é mọ́, torí bó bá tún ṣẹlẹ̀, fífi pa mọ́ ló máa kù fún un. Ẹ bi í gbangba bó bá ń ronú àtikú. Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn máa ń ba èèyàn, àmọ́ kì í fi èrò ikú sí ẹni lọ́kàn. Ìwádìí ti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, ó ku ẹ̀yin. Nínú ìròyìn tí onílẹ́tà yẹn fèsì sí, ẹ kọ ohun tí ọmọ náà lò, ẹ sì tẹ fọ́tò apá rẹ̀. Láti 2000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn oníròyìn lórí ọ̀rọ̀ gbígba ẹ̀mí ara ẹni, tó ní kí wọ́n yé ṣàlàyé bí onítọ̀hún ṣe ṣe é, torí ẹni tó ń jìyà irú ẹ̀ lè kà á kó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, nígbà míì, ẹ yọ fọ́tò kúrò, kí ẹ fi àyè rẹ̀ kọ ibi tí èèyàn ti lè rí ìtọ́jú.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan