Kí O Tó Yá Owó Ra Mọ́nítọ̀ Yẹn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán. Ara wa le, bàbá rẹ náà wà dáadáa, nítorí náà jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tó wà nílẹ̀. O ní ẹnì kan fẹ́ ta mọ́nítọ̀ Pro Display XDR ti Apple tó ti lò fún ọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, o sì fẹ́ yá owó kún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kí o lè rà á. O tilẹ̀ pa òwe fún mi, pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe náà dùn lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó gbé àáké, ó yẹ kó mọ̀ bóyá oyin wà nínú àpáta tó dojú kọ.

Má rò pé nítorí pé ó wọ́n ni mo ṣe ń fà sẹ́yìn. Ìdí àwọ̀ ni mo ti jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, o mọ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́, ohun èlò wà tí owó rẹ̀ ju ti ilé lọ, kò sì sí ẹni tó kábàámọ̀ rẹ̀, torí ojoojúmọ́ ló ń pa owó wọlé. Ohun èlò olówó ńlá kò burú. Èyí tó burú ni èyí tó mọ iṣẹ́ kan ṣe, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sanwó iṣẹ́ náà fún ọ. Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo ní: ta ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ló sì fi ń wò ó?

Mi ò ní parọ́ mọ́ mọ́nítọ̀ náà. Nígbà tí Apple gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019, dọ́là 4,999 ni wọ́n pè é láìsí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ jẹ́ dọ́là 999 lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n fín ojú gíláàsì rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ yàrá má baà máa dán lójú rẹ̀, yóò fi 1,000 lé e. Àwọn tó jókòó síbi ìpàdé tí wọ́n ti kéde rẹ̀ kùn nígbà tí wọ́n gbọ́ owó ẹsẹ̀, gbogbo ayé sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́yà yẹn kò wò ni ohun tí Apple fi mọ́nítọ̀ náà wé. Kì í ṣe èyí tó wà lórí tábìlì akọ̀wé. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù fi ń ṣe ìdájọ́ àwọ̀ kẹ́yìn ni, irú èyí tí Sony ń ṣe, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè lé ní dọ́là 20,000. Lójú ẹni tó ti ń ná irú owó bẹ́ẹ̀, dọ́là 5,000 kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n sì kó sínú rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú: ó jẹ́ íǹṣì 32, píksẹ́lì (àwọn ẹ̀kán àwọ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 6016 ní ìbú àti 3384 ní òró, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè wà ní 1,000 nits, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀, láìrẹ̀, ó sì lè fò dé 1,600 fún ìgbà díẹ̀. Mọ́nítọ̀ inú ọ́fíìsì kì í sábà ju 250 sí 400 lọ.

Wá wo ibi tó kù sí. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni iná wà, wọ́n sì pín iná náà sí apá 576, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mọ́lẹ̀ tàbí ń ṣókùnkùn lọ́tọ̀. Píksẹ́lì tó wà níwájú wọn lé ní mílíọ̀nù 20. Bí o bá pín in, apá iná kan ń sin píksẹ́lì tó lé ní 35,000. Bí ìràwọ̀ kan bá wà lójú ọ̀run dúdú nínú fídíò rẹ, iná tó tàn fún ìràwọ̀ yẹn yóò tàn sára dúdú tó yí i ká pẹ̀lú, dúdú náà yóò sì rí bí ẹni pé eérú ló bò ó. BVM-HX310, mọ́nítọ̀ ìdájọ́ ti Sony, bọ́ lọ́wọ́ èyí, torí ìpele LCD méjì ni wọ́n tò léra nínú rẹ̀, tí ọ̀kan ń dí ìmọ́lẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n kó tó dé èkejì. OLED, irú ojú mọ́nítọ̀ mìíràn, náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣe àwọ̀ fíìmù HDR (èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ jìnnà síra gan-an) fi lè fi ti Apple ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, síbẹ̀ tí yóò ṣì gbé fíìmù náà lọ sójú mọ́nítọ̀ ìdájọ́ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé o rí i? Àárín ni ohun tí o fẹ́ tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè wà. Ó ga ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lọ, kò sì ga tó èyí tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ gbé fíìmù ńlá wá bá ọ.

Iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, fídíò kúkúrú fún àwọn oníṣòwò ni, àti fọ́tò ọjà, àti ìwé fọ́tò tí o máa ń kó lọ fún ìtẹ̀wé. Orí fóònù ni wọ́n ti ń wo fídíò rẹ, àwọn mìíràn nínú oòrùn ganrínganrín, pẹ̀lú ojú fóònù tó ti sán. Fọ́tò ọjà ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí sRGB ṣì ti jẹ́ ìlànà àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ jù ń tẹ̀lé, láti ìgbà tí HP àti Microsoft ti gbé e kalẹ̀ ní 1996. Mọ́nítọ̀ tó níwọ̀n lè fi gbogbo rẹ̀ hàn láìlàágùn. Òótọ́ ni pé àwọn iPhone ti ń fi P3, ìlànà àwọ̀ tó gbòòrò jù ú lọ, hàn láti 2016, nítorí náà mi ò ní bá ọ jiyàn bí o bá ní o fẹ́ èyí tó kó P3 tán tàbí tó kù díẹ̀ kó kó o tán. Irú rẹ̀ wà lọ́jà tí owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n kọ́kọ́ pe XDR.

Ti ìtẹ̀wé ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni ojú ti ń tan ẹ̀yin ọ̀dọ́ jù. Ìwé kì í tan iná. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń bọ́ sára rẹ̀ tó sì ń padà wá sójú wa. Nígbà tí oníbàárà bá bínú wá bá wa pé a tẹ fọ́tò òun ṣókùnkùn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí mọ́nítọ̀ rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe jáde nínú páálí náà ló ṣe wà, ó ń tàn yòò. Fọ́tò tó ṣókùnkùn díẹ̀ á dára lójú rẹ̀, kò ní tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì fi ránṣẹ́. Àwa tí à ń múra fọ́tò sílẹ̀ fún ìtẹ̀wé, nǹkan bí 80 sí 120 nits la máa ń yí mọ́nítọ̀ sí. O gbọ́ mi: 120. O fẹ́ sanwó ìmọ́lẹ̀ 1,600 nits, kí o sì tún yí i wálẹ̀ sí 120 kí iṣẹ́ tó lè jáde bó ṣe yẹ. Iná tí o fi ń wo ìwé náà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tó mọṣẹ́ ń wo iṣẹ́ lábẹ́ iná tó tẹ̀lé ìlànà ISO 3664, tí àwọ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bí 5000 K (òṣùwọ̀n àwọ̀ iná). Gílóòbù tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí tábìlì rẹ yẹn lè ba ìdájọ́ ojú rẹ jẹ́ ju mọ́nítọ̀ lọ. Pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kò gba owó yíyá.

Ohun kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí o ṣahun sí: ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ láti wọn àwọ̀ rẹ̀. Datacolor ń ṣe Spyder, Calibrite náà ń ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tó dọ́là 300. Kò sí mọ́nítọ̀ tí iná inú rẹ̀ kì í gbó, bó bá sì ti ń gbó ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí, díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ á máa bá a yí lọ láìfura. Mọ́nítọ̀ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì tí o ń wọ̀n lóṣooṣù yóò sọ òótọ́ fún ọ ju olówó ńlá tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí. Ilé iṣẹ́ Eizo, tó ń ṣe mọ́nítọ̀, mọ èyí. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n náà mọ́ ara ColorEdge CG wọn, tó ń yọ jáde fúnra rẹ̀, tó ń wọ̀n, tó sì ń padà wọlé. Bí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú tó sì jẹ́ pé ìdí ìtẹ̀wé lo ṣì wà, irú ìyẹn ni màá ní kí o wò kí o tó wo XDR.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wá kàn. Ẹsẹ̀ dáadáa ni, ó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní mílímítà 120, ó sì ń jẹ́ kí mọ́nítọ̀ dúró lóòró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò fi àwọ̀ kankan kún àwòrán. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ní ihò mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní VESA, tí wọ́n sábà máa ń fi mílímítà 100 jìnnà síra, apá onírin èyíkéyìí tó bá lè gbé ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì wọ̀ ọ́. Ti Apple yìí kò ní ihò náà lára. Dọ́là 199 ni wọ́n ta ohun tó máa jẹ́ kó ní in! Inú máa ń bí mi sí irú èyí, kì í ṣe nítorí iye owó náà, bí kò ṣe pé ohun tó yẹ kó wà lára ọjà ni wọ́n yọ kúrò kí wọ́n lè tún un tà. Studio Display tí wọ́n gbé jáde ní 2022 ní dọ́là 1,599 náà rí bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ tó lè gòkè sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ dọ́là 400 lórí rẹ̀, ọjọ́ tí o bá ń rà á lo sì gbọ́dọ̀ yan èyí tí o fẹ́, torí kò ṣe é pààrọ̀ nílé. Aṣọ ìnujú mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń tà ní dọ́là 19 tí o fi ránṣẹ́ sí mi láti fi mí rẹ́rìn-ín ní ìdí díẹ̀, torí ojú gíláàsì tí wọ́n fín yẹn, aṣọ yẹn nìkan ni wọ́n ní ká fi nù ún. Àmọ́ inú páálí mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń wá lọ́fẹ̀ẹ́. Táyà kọ̀ǹpútà Mac Pro tí wọ́n tà ní dọ́là 699, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ sí i.

Okùn tó so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́nítọ̀ náà ńkọ́? Nọ́ńbà ni okùn HDMI àti DisplayPort ń gbé. Bí nọ́ńbà bá dé pé, àwòrán pé nìyẹn. Bí kò bá dé pé, wàá rí i fúnra rẹ, àwòrán á máa já, á máa ṣẹ́jú, tàbí kó má wá rárá. Wúrà tí wọ́n fi bo ẹnu okùn kò lè mú pupa pọ́n sí i. Okùn Thunderbolt gígùn, irú mìíràn, nìkan ni mo rí tí owó rẹ̀ ní ìdí. Ti Apple onímítà 3 jẹ́ dọ́là 159 nígbà tí wọ́n gbé e jáde, torí kí 40 gígábíìtì tó lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ ni wọ́n fi sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí kọ̀ǹpútà rẹ jìnnà sí mọ́nítọ̀ tó mítà mẹ́ta?

Bí o bá ṣì fẹ́ lọ wo ti ẹni yẹn, gbé kọ̀ǹpútà rẹ dání, torí XDR kò ní ojú ihò HDMI, Thunderbolt 3 ló ń fẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló lè fún un ní píksẹ́lì rẹ̀ pé. Kò ní kámẹ́rà, kò ní ẹ̀rọ tí ń dún. Fi funfun kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà eérú, lẹ́yìn náà dúdú, kí o sì máa wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fín ni, wá ibi tí wọ́n ti fi nǹkan mìíràn nù ún.

Èmi, ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ ìwọ rèé. Màá mú oníǹṣì 27 kan, 4K tàbí 5K (bí píksẹ́lì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó), tí ojú rẹ̀ jẹ́ irú LCD tí wọ́n ń pè ní IPS, tó kó P3 tó, tó ní ihò VESA lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irú IPS Black, tí ìyàtọ̀ dúdú àti funfun rẹ̀ jẹ́ 2000 sí 1, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Màá fi ẹ̀rọ ìwọ̀n tì í. Ọjọ́ tí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ HDR gidi wá, màá háyà yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àwọ̀ fíìmù fún wákàtí tí mo bá lò, màá sì kọ owó rẹ̀ mọ́ ara owó iṣẹ́. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá ń wá léraléra débi pé owó háyà ń dùn ọ́, a ó jókòó, a ó sì tún ọ̀rọ̀ XDR sọ, tàbí ti èyí tó jù ú lọ. Gbèsè oṣooṣù kì í béèrè bóyá oníbàárà wá lóṣù yìí tàbí kò wá. Mo mọ̀ pé nǹkan náà wọ̀ ọ́ lójú, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n, èmi ni yóò rà á fún ọ. Mú mọ́nítọ̀ tí o bá yàn, fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Bàbá rẹ ní kí o má fi mọ́nítọ̀ rẹ àtijọ́ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, pé òun ti ní ibi tí òun máa gbé e sí. Mo ní kó kọ́kọ́ palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ná.

Èmi ni,
Màmá rẹ.