Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ sí Salvador

Àbúrò mi,

Màámi ní o ti gba físà, pé ìparí oṣù Kìíní lo máa wọ Salvador ní Bahia, àti pé ohun àkọ́kọ́ tó o ń bèèrè ni bóyá wàá rí oúnjẹ gidi jẹ nílẹ̀ Bràsíìlì. Fọkàn balẹ̀. Àkàrà ló máa pàdé rẹ lójú títì: obìnrin tó wọ aṣọ funfun báláú, tó wé gèlè, tó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tó jókòó ti agbada epo pupa. Baiana ni wọ́n ń pe obìnrin náà, acarajé sì ni wọ́n ń pe ohun tó ń dín. Àkàrà náà ni, wọ́n kàn so "jẹ" mọ́ ọn nídìí ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló mú un débẹ̀. Ó ti di ti ibẹ̀ débi pé lọ́dún 2005, IPHAN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ àwọn baiana sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà.

Ṣùgbọ́n má lọ máa wá àkàrà àárọ̀ Sátidé tí a fi ń mu ẹ̀kọ. Tiwọn tóbi tó ìkúùkù. Wọn kì í lọ ata mọ́ ẹ̀wà bíi tiwa. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ló ń wọ inú rẹ̀, epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n sì fi ń dín in. Bó bá jiná, wọ́n á là á láàárín bíi búrẹ́dì, wọ́n á wá kì í: vatapá (búrẹ́dì, edé àti ẹ̀pà tí wọ́n rò pọ̀ nínú oje àgbọn), caruru (ọbẹ̀ ilá), tòmátì gígé, edé gbígbẹ, ata. Ohun tí wọ́n ń kì sínú yìí dùn débi pé ó lè bo àkàrà burúkú mọ́lẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọ̀ alákàrà tó ò bá mọ̀ rí, ra ọ̀kan "puro" ná, ìyẹn lásán, láì kì í.

Ya á sí méjì kó o wò ó. Òde rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n, kó fẹ́lẹ́, kó sì dún lẹ́nu. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun bíi fóòmù, pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́. Bí inú náà bá ti pọ́n, tí epo ń ro nígbà tó o fún un, epo kò gbóná tó nígbà tí wọ́n dà á sí i, tàbí omi ti pọ̀ nínú ẹ̀wà lílọ̀. Bó bá ń fà bí ògì láàárín, iná ló pọ̀ jù: òde ti jiná, inú ṣì wà ní tútù. Bó bá korò, epo àná ni, tàbí èérún ti jóná sínú rẹ̀. Wo inú agbada náà kó o tó sanwó. Tó o bá rí odindi àlùbọ́sà kan tó léfòó nínú epo, má kà á sí nǹkan míì, wọ́n ní kì í jẹ́ kí epo jóná ni. Wo ọwọ́ obìnrin náà pẹ̀lú. Èyí tó mọṣẹ́ kì í gbé ṣíbí onígi sílẹ̀. Láàárín dídín kan sí òmíràn, yóò ṣì máa po ẹ̀wà rẹ̀.

Wọ́n á bi ọ́ pé, "Quente ou frio?" Gbígbóná tàbí tútù ni ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ iná kọ́, ata ni wọ́n ń béèrè. "Pouca pimenta" ni ata díẹ̀. Bí edé tàbí ẹ̀pà kì í bá bá ẹnikẹ́ni lára mu nínú àwọn tí ẹ jọ ń lọ, kìlọ̀ fún un dáadáa: tó bá ní "sem camarão", ìyẹn láìsí edé, edé tó wà lókè nìkan ni wọ́n á yọ. Edé lílọ̀ ṣì wà nínú vatapá àti caruru, ẹ̀pà àti kajú náà sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Puro ni kírú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ, kó sì bèèrè ohun tí wọ́n ti dín nínú epo yẹn.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pàtẹ. Àdúgbò Rio Vermelho ni kó o kọ́kọ́ lọ, àtẹ alákàrà méjì wà níbẹ̀: àtẹ Dinha wà ní Largo de Santana, àtẹ Cira wà ní Largo da Mariquita, ẹsẹ̀ ló máa gbé ọ láti ibì kan dé ìkejì. Ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ kan náà kó o fi wéra. Mi ò ní dá ẹjọ́ àárín wọn, àwọn ará Salvador fúnra wọn kò tíì parí ẹ̀. Àmọ́ 2 oṣù Kejì ni ọdún Yemọja, Rio Vermelho yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹsẹ̀ kò sì ní gbèrò lójú títì. Tó bá jẹ́ oúnjẹ lo bá lọ, yan ọjọ́ míì. Ní Pelourinho, ẹ̀ka ìlú tí àlejò pọ̀ sí, ó níbi tí wọ́n ti ń ta fọ́tò ju àkàrà lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ acarajé, wàá rí abará. Ẹ̀wà kan náà ni, wọ́n po epo àti edé mọ́ ọn, wọ́n wé e séwé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sè é bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Èmi á ní kó o jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí dídín bá ti sú ọ. Tí wọ́n bá sì dárúkọ "amalá" fún ọ níbì kan, má sáré wá ewédú: oúnjẹ Ṣàngó ni níbẹ̀, ilá ni wọ́n fi ń sè é, kò sí èlùbọ́ níbẹ̀ rárá.

Nígbà tó o bá ti gba ilé tó ní ìdáná, lọ sí ọjà São Joaquim. Bèèrè feijão-fradinho, ẹ̀wà olójú dúdú tiwa nìyẹn. Tí wọ́n bá ní èyí tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, òun ni kó o rà, èèpo rẹ̀ tètè ń ṣí. Epo tó tòrò lókè ìgò ni kó o fi dín. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ máa ń jóná, tọ́jú ìyẹn fún ọbẹ̀. Ra edé gbígbẹ tó pọ́n, tó gbẹ dáadáa, tí kò rùn bí ọṣẹ.

Fún bí acarajé méjìlá, wọn 500 gíráàmù ẹ̀wà. Rẹ ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú, bó o, fi omi ṣàn án títí èèpo yóò fi tán. Ojú dúdú yẹn gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà náà á pàwọ̀ dà bí eérú. Tún un rẹ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó lè rọ̀, torí omi tó bá ti mu sínú ni kò ní jẹ́ kó o bu omi sí i nígbà lílọ̀. Gbé e sínú ajọ̀ fún 15 ìṣẹ́jú kó ro. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa lọ̀ ọ́, omi tó o máa lò lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ìbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́: ẹ̀rọ kò yí, wọ́n á bu omi, kò tún yí, wọ́n á tún bu omi. Bí ẹ̀rọ kò bá yí, ẹ̀wà ni kó o dín kù nínú rẹ̀. Má lọ̀ ọ́ kúnná bíi ti mọ́ínmọ́ín. Ó yẹ kó ṣì ní hóró díẹ̀ láàárín ìka.

Wá fi ṣíbí onígi po ó fún 10 sí 15 ìṣẹ́jú, kó o máa gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Yóò wú, yóò sì funfun sí i. Já díẹ̀ sínú ife omi: tó bá léfòó, ó ti tó; tó bá rì, máa po ó lọ. Ìgbà tí epo bá ti wà lórí iná ni kó o tó rin àlùbọ́sà ńlá kan sí i, kó o wá fi ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ iyọ̀ sí i gbẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì ló ń fa omi. Tí wọ́n bá ti pẹ́ nínú ẹ̀wà, yóò ṣàn, yóò sì tẹ́.

Epo lítà kan nínú ìkòkò kékeré tó jìn ló dára ju nínú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, torí acarajé gbọ́dọ̀ léfòó. 175°C ni kó o fojú sí. Tó ò bá ní ohun ìwọ̀n, já èérún ẹ̀wà sí i: tó bá rì tó sì gòkè lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìfóòfó, ó yá; tó bá jókòó sísàlẹ̀, kò tíì gbóná; tó bá pọ́n lójú kan náà, sọ iná kalẹ̀. Má jẹ́ kí epo rú èéfín. Nílé, a lè fọ epo títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi fún torí ayamáṣe, àmọ́ níhìn-ín àwọ̀ àti òórùn epo yẹn gan-an ni oúnjẹ náà. Fi ṣíbí méjì mọ ọ́n kó gùn róbótó, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó o bá kó mẹ́jọ sí i lẹ́ẹ̀kan, epo á tutù, gbogbo wọn á sì mu epo yó.

Bí àkàrà bá wá tú sépo ní ti gidi, omi ló pọ̀ tàbí ọwọ́ ló tètè rẹ̀ ọ́. Gbé ẹ̀wà náà sínú fíríìjì fún wákàtí kan, kó o tún un po. Àwọn kan á ní kó o da fùláwà sí i. Yóò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì lo ń dín yẹn.

Vatapá: rẹ 200 gíráàmù búrẹ́dì tó ti le sínú 500 mìlílítà oje àgbọn, kó o lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ 100 gíráàmù edé, 50 gíráàmù ẹ̀pà yíyan, 50 gíráàmù kajú, àlùbọ́sà kan àti atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò. Gbé e sórí iná kékeré, máa rò ó láìdúró, máa da epo sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó bíi 80 mìlílítà. Nígbà tó bá ti ń ṣí kúrò lára ìkòkò, ó jiná. Tó o bá yọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan, ìdí rẹ̀ á jó, òórùn jíjó yẹn kì í sì í kúrò mọ́.

Caruru kò le. Ilá 500 gíráàmù, gé e wẹ́wẹ́, má rin ín, kó o sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà yọ̀ jù. Din àlùbọ́sà àti edé lílọ̀ nínú ṣíbí epo mẹ́rin, da ilá sí i pẹ̀lú omi díẹ̀, kó o máa wo hóró rẹ̀. Nígbà tí hóró bá ti pọ́n, gbé e sọ̀kalẹ̀.

Acarajé kì í ṣe oúnjẹ ọ̀la. Lẹ́yìn wákàtí kan òde rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ̀wà lílọ̀ tí kò tíì fojú kan iyọ̀ àti àlùbọ́sà ni kó o kó sínú fírísà, kó o sì po ó ní àpotúnpo tó bá yọ́.

Ṣíbí onígi tí àwọn baiana ń lò yẹn, ọlọ́wọ́ gígùn, àwọn tó ń ta ohun èlò ìdáná ní São Joaquim ní in. Bá mi ra méjì bọ̀, ọ̀kan ti Màámi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ