Lẹ́tà sí Màmá Àgbà, lórí afọ́jú Bẹtisáídà

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi ni yóò ka èyí sí yín létí, kó má sáré kà á o.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Nọ́ọ̀sì bi yín pé kí lẹ rí. Ẹ ní nǹkan funfun kan ń mì níwájú yín. Èmi ni nǹkan náà. Àtọjọ́ yẹn ni afọ́jú Bẹtisáídà ò ti kúrò lọ́kàn mi. Jésù fà á lọ́wọ́ jáde sẹ́yìn abúlé, ó tutọ́ sí i lójú, ó gbé ọwọ́ lé e, ó wá bi í bóyá ó rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà ní òun rí àwọn èèyàn bí igi tó ń rìn. Jésù tún gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo kà á fún yín, ẹ ní, "Jésù wo nìyẹn? Tèmi kì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì." Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan! Máàkù nìkan ló sọ ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ló kọ́kọ́ kọ ìwé Ìhìn Rere, nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn ikú Jésù, àti pé ìwé rẹ̀ wà níwájú Mátíù àti Lúùkù bí wọ́n ṣe ń kọ tiwọn. Àwọn méjèèjì fo afọ́jú yìí. Ní Násárétì, Máàkù ní Jésù "kò lè ṣe" iṣẹ́ agbára, àfi àwọn aláìsàn díẹ̀ tó gbọ́wọ́ lé. Mátíù ní "kò ṣe ọ̀pọ̀". "Lè" kékeré yẹn ti pòórá.

Jésù tiyín, ti Jòhánù ni. Ó ní "Èmi ni", àwọn tó wá mú un sì ṣubú lulẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń sọ ìtàn yẹn, ẹ̀yin gan-an a ṣubú sórí ẹní fún wa, gèlè yín a tú. Lórí àgbélébùú, "Ó parí" ló wí. Ti Máàkù ké ní tirẹ̀: Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?

Mi ò ní kẹ́ ẹ fi tiyín sílẹ̀. Ẹni tó bi aláìsàn bóyá ó ń ríran, tó sì dúró gbọ́ èsì, òun lèmi ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́.

Mo gbọ́ pé ẹ ti yarí, ẹ ní ẹ ò ṣe ojú òsì mọ́. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ ti wẹ̀ kí n tó dé.

Ọmọọmọ yín