Ẹ Jẹ́ Kí A Wọn Ètò Kọ̀ǹpútà Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Tuntun

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lórí ìyà tó ń jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì nítorí pé kọ̀ǹpútà tó lágbára kò sí ní àwọn yunifásítì wa. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, n kò sì bá ẹni tó kọ ọ́ jiyàn pé ó yẹ kí ìjọba ra ẹ̀rọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò tí à ń kọ láti fi yanjú ìṣirò ńlá ni kì í ṣe ẹ̀rọ ló mú wọn lọ́ra, bí kò ṣe ohun kan tó fara pamọ́ sínú ètò náà fúnra rẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ kò sì tíì wá a débi tó wà.

Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣèwádìí lé lórí ni bí ooru oòrùn ṣe ń gba inú ògiri wọlé: ògiri alámọ̀ ti àwọn ilé àtijọ́, àti ògiri búlọ́ọ̀kù tí à ń mọ lónìí. Ó pín ògiri náà sí ojú 200 ní ìbú àti 200 ní òró, èyí tó fún un ní ojú 40,000. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ìdọ́gba tirẹ̀, gbogbo wọn ni a sì gbọ́dọ̀ yanjú pọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé ìgbà 1,440 ni a ó yanjú wọn. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni ètò yìí ń gbà. Bí iná bá lọ ní wákàtí kẹta, tí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sì kú, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó fi máa wá bá mi, ó ti pinnu. “Ẹ̀rọ yìí ló ti gbó, sà,” ni ó wí. Bí owó ẹ̀rọ tuntun kò bá sí, ó fẹ́ fi Fortran, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tún apá tó ń yanjú ìdọ́gba kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé èdè mìíràn, Python, ni ó fi kọ ọ́, gbogbo ènìyàn ló sì ti ń sọ fún un pé Python lọ́ra. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé apá yẹn ni àkókò ń bá lọ. Ó ní ṣebí ibẹ̀ ni ìṣirò wà.

Ní ìlú tí a wà yìí, babaláwo tó mọṣẹ́ kì í dárúkọ ẹbọ fún ènìyàn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dá Ifá. Irinṣẹ́ tí a fi ń wádìí bẹ́ẹ̀ lára ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní profiler. Òmíràn nínú wọn máa ń ka iye ìgbà tí a pe fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan (ìyẹn apá ètò tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Òmíràn máa ń yọjú wo ètò náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó lè mọ ibi tó máa ń bá a jù. Wọn kì í ṣe ohun tuntun, nítorí pé ọdún 1982 ni wọ́n ti gbé àlàyé gprof, ọ̀kan lára wọn, jáde láti Berkeley ní Amẹ́ríkà. Èyí tó ń jẹ́ cProfile sì wà nínú Python fúnra rẹ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀.

A fi cProfile wọn ètò náà, ṣùgbọ́n a kò ṣe odindi ọjọ́ kan. A ní kí ètò náà ṣe ìṣẹ́jú 60 péré nínú ọjọ́ ògiri náà, kí a tó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán ó ti parí. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àbọ̀ náà kì í ṣe ti ìyanjú ìdọ́gba rárá. Fọ́ńṣọ̀n tó ń to mátíríìsì, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà tó so àwọn ìdọ́gba náà pọ̀, ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì jẹ ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ iye ìgbà tí a pè é sí: 60. Mo fi ìka sí 60 yẹn, mo ní, “Ṣé ògiri yìí ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì ni?” Ó dákẹ́. Ògiri kò yí padà, mátíríìsì kan náà ló sì ń tò ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ìlà kejì ni ti ṣíṣí fáìlì: ìgbà 2,400,000, nítorí pé bí ó bá ti fẹ́ kọ nọ́ńbà ojú kan sílẹ̀, yóò ṣí fáìlì, yóò kọ ọ́, yóò tì í, kí ó tó tún ṣí i fún ojú kejì. Ìyẹn jẹ ìdá 12. Ìyanjú ìdọ́gba tó fẹ́ fi Fortran tún kọ kò jẹ ju ìdá méje lọ.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ìdá méje nínú wákàtí mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Bí ó tilẹ̀ fi oṣù mẹ́ta kọ Fortran, tí apá náà wá ń parí kí ojú tó ṣẹ́, ìṣẹ́jú 17 yẹn nìkan ni ì bá jèrè. Ohun tí Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, fi yé àwọn ènìyàn ní ọdún 1967 nìyí, pé apá tí a kò fọwọ́ kàn ni yóò sọ bí gbogbo iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Ní ọdún 1971 ẹ̀wẹ̀, Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn, yẹ àwọn ètò Fortran wò, ó sì rí i pé apá tí kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ètò ló sábà máa ń jẹ ju ìdajì àkókò lọ.

Ọmọ náà gbé títo mátíríìsì jáde kúrò nínú àyípo, ìyẹn apá ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó di ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Ó ń ṣí fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wákàtí mẹ́rin di ìṣẹ́jú 18. (Mo gbọ́dọ̀ yìn ín níbì kan: òdo ló kún inú mátíríìsì náà, ṣùgbọ́n kò sí lára ohun tó ń fi pamọ́. Ká ní ó fi gbogbo òdo pamọ́ ni, 40,000 lọ́nà 40,000 ní báìtì mẹ́jọ mẹ́jọ ì bá gba gígábáìtì 12.8, ẹ̀rọ rẹ̀ kì bá sì gbé e.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró nìyẹn, àṣìṣe sì ni, nítorí pé bí a bá tú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká ní Lágeré, ó lè lọ dì sí Mayfair. A tún ètò náà wọ̀n. Ní báyìí, ìyanjú ìdọ́gba ló kù tó ń jẹ àkókò. Ọ̀nà conjugate gradient, tí Hestenes àti Stiefel gbé jáde ní ọdún 1952, ni ó ń lò. Ọ̀nà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àbá kan, yóò sì máa tún un ṣe títí yóò fi súnmọ́ ìdáhùn. Òdo ni ọmọ wa fi ń ṣe àbá ní gbogbo ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan. A ní kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdáhùn ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ìṣẹ́jú 18 di mẹ́fà.

Kí ó má baà dà bíi pé mò ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Òró òró ni Fortran ń to tábìlì nọ́ńbà sí mẹ́mọ́rì, èdè mìíràn tó ń jẹ́ C sì ń tò ó ní ìbú ìbú. Èmi kọ Fortran, mo sì ń fi ìbú rìn ín. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò, báìtì 64 ni mẹ́mọ́rì máa ń kó wá lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́jọ tó tò tẹ̀lé ara wọn. Mo wá dà bí ẹni tó lọ ra abọ́ ata lọ́jà Odò-Ògbè, tó mú ata kan nínú rẹ̀, tó dá ìyókù padà, tó sì tún rìn lọ ra abọ́ mìíràn nítorí ata kejì. Oṣù kan ni mo fi ń bú ẹ̀rọ. Irú àléébù yìí kò hàn nínú cProfile; perf, profiler mìíràn tó wà lórí Linux, ló lè fi í hàn, nítorí pé ó lè ka iye ìgbà tí pùrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wá nọ́ńbà tì nítòsí.

Ìwọ̀n náà lè ṣini lọ́nà o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí bátìrì sábà máa ń lọ́ra ju èyí tó wà lórí iná lọ, èyí tó bá sì gbóná máa ń dín eré rẹ̀ kù, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má sì fi ìṣirò kékeré wọn ètò ńlá. Ọ̀nà ìmúkúrò Gauss, tó jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti yanjú ìdọ́gba, bí a bá sọ iye ìdọ́gba di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń di ìlọ́po mẹ́jọ. Apá tí ẹ kò kà sí nígbà tí ìdọ́gba jẹ́ 100 lè gbé gbogbo àkókò mì nígbà tó bá di 5,000.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí ni pé, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀wé pé ẹ̀rọ kò jẹ́ kí òun parí ìṣirò òun, kí wọ́n ní kí ó so àbọ̀ profiler mọ́ ìwé náà. Ojú ìwé kan péré ni. Àwọn tó ń wá owó ẹ̀rọ náà yóò rí ohun tí wọn yóò fi han olówó pé àìní wọn kì í ṣe àròsọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ọgbọ̀n ọjọ́ ògiri alámọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ní ó ti gbó yẹn. Wákàtí mẹ́ta ni ó gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ilé-Ifẹ̀