Lẹ́tà sí Báyọ̀ lórí ìpadàsẹ́nu iṣẹ́ Délé

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ẹ̀yìn Délé kò dùn ún mọ́, pé kí ló wá dé tí ìlú tó ti ń ṣe panápaná ní Kalifọ́níà, kí wọ́n tó fẹ̀yìn rẹ̀ tì nítorí ìpalára náà, kò kàn pè é padà. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹ̀yìn o, ti ìwé ló kù.

Kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. CalPERS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kalifọ́níà, ló ń san ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀ ìlú. Káúńtì 20 ló wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì káúńtì ti ọdún 1937, Los Angeles County sì wà lára wọn. Ìlú Los Angeles àti San Francisco ní tiwọn lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lábẹ́ òfin 1937, bí ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì bá tiẹ̀ rí i pé ara èèyàn ti yá, wọn ò ní gé owó rẹ̀ àfi tí agbanisíṣẹ́ bá ní òun ti ṣe tán láti gbà á padà. Ní CalPERS ńkọ́? Bí wọ́n bá ti pinnu pé ìpalára náà kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ mọ́, owó dúró lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti padà sípò rẹ̀ bó bá fẹ́. Ní 2015 ilé ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn tiẹ̀ sọ fún àjọ ìpínlẹ̀ kan pé kò lè ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lọ ṣe àyẹ̀wò ìwà àti ti ọpọlọ kó tó wọlé padà. Ṣùgbọ́n ti panápaná ìlú bíi Délé, bó bá jẹ́ CalPERS ló ń san owó rẹ̀, ìlú fúnra rẹ̀ ni òfin ní kó pinnu bóyá ara rẹ̀ ti yá, kì í ṣe CalPERS. Àárín ibẹ̀ yẹn ni èèyàn ti ń jìn sí kòtò: owó ti dúró, iṣẹ́ kò tíì sí. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.

Nítorí náà, kó má tíì kọ ohunkóhun sí CalPERS. Kó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ìlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ibùdó, pé àyè wà, ipò wo ni, àti àyẹ̀wò tí wọ́n máa fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìpadàsẹ́nu iṣẹ́ ti CalPERS, kò sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ kí èsì tó dé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú èsì máa dá owó ìfẹ̀yìntì àkókò náà padà.

Ìwé dókítà ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Dókítà á kọ ọ́ pé “ó lè padà síṣẹ́,” ó parí. Ìyẹn ò tó. Ìlú ní àkọsílẹ̀ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè: títẹ̀ síwájú, gbígbé nǹkan, gígun àkàbà, àti iye wákàtí tí èèyàn ń fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kí Délé mú un lọ, kí dókítà dáhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kejì: nígbà tí wọ́n ń fẹ̀yìn rẹ̀ tì, dókítà kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ju báyìí lọ mọ́ títí ayé. Ìwé yẹn ṣì wà nínú fáìlì, agbẹjọ́rò ìlú á sì gbé méjèèjì síra. Dókítà tuntun gbọ́dọ̀ sọ ohun tó yí padà: iṣẹ́ abẹ ni, àbí àwòrán MRI tuntun? “Ara mi ti le” kì í ṣe ìdáhùn.

Ìdánwò ara wá kù. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe ìdánwò agbára tí wọ́n ń pè ní CPAT fún, nítorí náà kó béèrè bóyá òun náà máa ṣe é. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mẹ́jọ ló máa ṣe tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tó wúwo tó kílò 23 lọ́rùn. Àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ ń dojú kọ: wọ́n á tún gbé bíi kílò 11 lé e léjìká, á sì máa gun àtẹ̀gùn 60 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, láìdi ohunkóhun mú. Ṣùgbọ́n ère èèyàn tó wúwo tó kílò 75, tó máa wọ́ nílẹ̀ bí ẹni ń gba èèyàn là, ni kó bẹ̀rù jù. Àtẹ̀gùn, èémí ló ń gbà. Ère yẹn, èèyàn ń tẹ ẹ̀yìn ba wọ́ ọ ni, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń gba gbogbo rẹ̀. Jíìmù tó ń lọ dára, ṣùgbọ́n kó máa wọ ẹ̀wù wíwúwo wọ́ nǹkan nílẹ̀. Ìwé àṣẹ ìtọ́jú pàjáwìrì (EMT) rẹ̀ ńkọ́? Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. Irùngbọ̀n tó ń fi ṣe fáàrí lórí WhatsApp yẹn náà máa lọ, torí ìbòjú afẹ́fẹ́ wọn kì í lẹ̀ mọ́ irun.

Bí ìlú bá kọ̀, ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, bíi gbígba ìpè pàjáwìrì 911, láìfi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀. CalPERS gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Níwọ̀n bí kò tíì pé ọmọ 50, àpapọ̀ owó iṣẹ́ tuntun àti owó ìfẹ̀yìntì kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí wọ́n ń san fún ipò rẹ̀ àtijọ́ lónìí. Kó ṣe ìṣirò o: ìdajì owó oṣù ló ń gbà báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kì í bu owó-orí lé.

Ní kó ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́tà tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ìlú.

Bá mi kí Màmá.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Wálé