Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gun òkè

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ gbé fọ́tò ńlá kan jáde, ọkùnrin kan lẹ̀ mọ́ ara àpáta bí aláǹgbá, oòrùn ń wọ̀ lọ lẹ́yìn ẹ̀, ilẹ̀ jìnnà débi pé igi ìsàlẹ̀ dà bíi koríko. Fọ́tò yẹn dáa, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Fọ́tò: Íńtánẹ́ẹ̀tì". Haà! Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé kámẹ́rà gun òkè kiri, mi ò tíì bá Íńtánẹ́ẹ̀tì pàdé lórí ìkankan o.

Ẹ tún fọ́tò yẹn wò dáadáa. Òkè la ti ń wo ọkùnrin náà, ojú ẹ̀ kọ sí wa, a tiẹ̀ ń rí ẹfun tó fi pa ọwọ́ kó má bàa yọ̀. Ó dáa, ibo wá ni ẹni tó ya á dúró sí? Kò dúró síbì kankan, ó so rọ̀ ni. Ó ti gba ẹ̀yìn òkè lọ kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó so okùn mọ́ àpáta níbi mẹ́ta torí kò sẹ́ni tó ń fọkàn tán ẹyọ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀, ó wá ń retí oòrùn. Wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta, bẹ́líìtì tó fi di ìdí àti itan á ti fún un débi pé ẹsẹ̀ á kú tipiri. Tó bá fẹ́ gòkè padà, irin méjì kan tó máa ń di okùn mú bí eyín ló máa fi gùn ún, á ti ọ̀kan sókè, á fi gbogbo ara lé e, á ti ìkejì, kámẹ́rà ń gbá a láyà, lẹ́ǹsì tó wúwo bí òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lóṣù kẹfà ọdún 2017, Alex Honnold gun El Capitan ní Yosemite, l'Amẹ́ríkà, láìlo okùn kankan, àpáta tó ga tó nǹkan bí 900 mítà, kò sì tó wákàtí mẹ́rin tó fi dé orí ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ ẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Jimmy Chin àtàwọn èèyàn ẹ̀ tó ń ya á, àwọn náà mọ àpáta gùn dójú àmì, okùn ni wọ́n fi so ara wọn mọ́ ọn tí wọ́n fi ń lo kámẹ́rà, wọ́n sì mọ̀ pé bí òkúta kékeré bá já bọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn, ọ̀rẹ́ àwọn lè bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn tó wà nídìí kámẹ́rà nísàlẹ̀ ò lè wò ó, ó kọ̀yìn sí i, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó ń ya ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò lè fojú rí. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan!

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ̀wé sí mi pé bọ̀ọ̀dá, báwo lèmi náà ṣe lè máa jayé kiri bíi tiyín. Mi ò kì í mọ ohun tí mo lè sọ. Ìgbádùn wà níbẹ̀ o, mi ò ní ṣe aláìmoore, mo ti jí láàárọ̀ rí tí ìkùukùu wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n títẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà, bíńtín ni nínú iṣẹ́ yìí, ìyókù ni wíwa mọ́tò lóru, rírẹrù, dídúró de ìkùukùu tí ò fẹ́ kúrò, sísùn nínú mọ́tò pẹ̀lú bàtà lábẹ́ orí, wíwá nẹ́tíwọọ̀kì kiri láti fi fọ́tò ránṣẹ́, ká da fọ́tò kan náà sínú hádì dráífù méjì kí ìkan má bàa kú mọ́ wa lọ́wọ́, ká wá fi ìnfọ́ìsì ránṣẹ́ kí wọ́n ní ẹ dúró doṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ ọmọ mi yọ, ojú fóònù ni mo ti rí i. Ìyá ẹ̀ ló ya fọ́tò eyín yẹn, nígbà tí mo sì gbé e síta, orúkọ ìyá ẹ̀ ni mo kọ sábẹ́ ẹ̀.

Lọ́dún kan mo tẹ̀lé àwọn méjì kan lọ sórí òkè oníyìnyín. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, bátìrì tó gba iná kún bámú lálẹ́, tẹ́ ẹ bá fi í síta á ti kú kílẹ̀ tó mọ́, torí bẹ́ẹ̀ inú báàgì tí mò ń wọ̀ sùn la jọ máa ń wà, bátìrì mẹ́fà nínú ìbọ̀sẹ̀ láyà mi bí ìyá tó gbé ọmọ tuntun. Ìyẹn mo mọ̀. Ohun tí mo gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni pé kámẹ́rà tó ti tutù bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í gbé e wọnú ilé tí iná ń jó láìkọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá, kó rọra móoru fúnra ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, mo gbé e wọlé báyẹn, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì ó ti ń làágùn. Ó làágùn lára, ó làágùn nínú, mo ń wo omi tó ń sẹ̀ bí ìrì nínú lẹ́ǹsì gan-an, níbi tí ìka ò lè dé. Mo nù ún, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gbàdúrà. Nígbà tá a jáde kílẹ̀ tó mọ́, omi yẹn ti di yìnyín nínú ẹ̀. Oòrùn yọ, àwọn méjèèjì wà lórí ṣóńṣó òkè, ìmọ́lẹ̀ tó dà bí epo pupa yẹn bò wọ́n, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ tó fi parẹ́, gbogbo ohun tí mo yà dà bí ìgbà téèyàn ń wo ayé látinú èéfín. Iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún mi ò san nǹkan kan, mi ò sì bá wọn jà, ẹ̀bi mi ni.

Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Frank Hurley ni mo máa ń rántí. Ọmọ Ọsirélíà ni, òun ló ń ya fọ́tò fún Shackleton, ọ̀gá ìrìn àjò wọn, nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi Endurance forí lé Antarctica, ilẹ̀ oníyìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Yìnyín há ọkọ̀ náà mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 1915, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀ títí pákó fi ń ké, nígbà tó doṣù kẹwàá wọ́n ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín. Orí àwo dígí ni wọ́n ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò sí láyé ìgbà yẹn, ti Hurley sì wà nínú ọkọ̀, lábẹ́ omi. Ló bá padà, ó bọ́ṣọ, ó bẹ́ sínú omi tútù yẹn, ó fọwọ́ wá páànù tó kó wọn sí títí ó fi rí wọn yọ. Àmọ́ ẹrù ò gbọdọ̀ pọ̀, lòun àti Shackleton bá jókòó sórí yìnyín, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú nǹkan bí 120, wọ́n fọ́ nǹkan bí 400 mọ́lẹ̀ kí Hurley má bàa yí ọkàn padà. Ó fi àwọn kámẹ́rà ńlá ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, kámẹ́rà kékeré kan àti fíìmù mẹ́ta péré ló kù fún un títí wọ́n fi wá gbé wọn lọ́dún 1916. Mo ti pa fọ́lídà kan rẹ́ láṣìṣe rí, mo sunkún. Èyí fọwọ́ ara ẹ̀ fọ́ 400.

Ẹ tún wo ti Everest, òkè tó ga jù láyé. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953, Tenzing Norgay àti Edmund Hillary dé orí ẹ̀, fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ níbẹ̀, Tenzing ló wà níbẹ̀, ó na àáké yìnyín ẹ̀ sókè, àsíá so mọ́ ọn. Ti Hillary ò sí. Hillary ló mú kámẹ́rà dání, ohun tó sì sọ ni pé bóun ṣe mọ̀, Tenzing ò ya fọ́tò rí, orí Everest kọ́ sì ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn. Kò síbi tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí nínú fọ́tò yẹn pé òun rèé, àfi orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Ká ní "Fọ́tò: Íńtánẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n kọ síbẹ̀ ńkọ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo fọ́tò wa jàre. Ẹ lò ó, àmọ́ ẹ béèrè, ẹ san ohun tó bá tọ́, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa, Àdéhùn Berne, táwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà, ti wà látọdún 1886, ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ayé ló sì ti wọ inú ẹ̀ báyìí: ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀ ń bá wa polówó ọjà, ìpolówó tí ò lórúkọ, ta ló ń polówó?

Mo ti wá ẹni tó ya fọ́tò ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn. Mo gbé fọ́tò náà sí Google, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo fi rí i. Obìnrin ni. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun lọ síbẹ̀, òjò ló lé òun wálé nígbà méjì àkọ́kọ́. Orúkọ ẹ̀ àti íméèlì ẹ̀ wà nínú ìwé pélébé tí mo fi sínú àpòòwé yìí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, kẹ́ ẹ lè rí i kà dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán orí òkè