Lẹ́tà sí Àǹtí Mi Tó Ń Se Mọ́ínmọ́ín Tà

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó gáàsì. Ọmọ yín ní ẹ ti padà sídìí èédú, pé owó gáàsì ti kọjá sísọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wá sí mi lọ́kàn ṣáá nígbà tí mo dé Whakarewarewa, abúlé àwọn Māori, àwọn ọmọ onílẹ̀, ní Rotorua, ní New Zealand níbí. Ilẹ̀ ló ń bá wọn se oúnjẹ.

Ẹ má pè é ní àlọ́. A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí òórùn imí ọjọ́ ti gbà wá nímú. Ooru ń rú láàárín ilé, ó ń rú létí ọ̀nà. Àpótí onípákó kan wà lójú ihò tí ooru ti ń jáde. Wọ́n kó ẹran, ànàmọ́ àti ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ná, kò sẹ́ni tó ń bomi kún un. Hāngī lorúkọ oúnjẹ náà. Níbòmíì, òkúta gbígbóná ni wọ́n fi ń sè é nínú kòtò, àmọ́ kí làwọn ará ibí fẹ́ fi òkúta ṣe? Àgbàdo ní tirẹ̀, àpò aṣọ ni wọ́n kó o sí, wọ́n rọ̀ ọ́ sínú adágún kan tó ń hó. Mo jẹ odidi kan tán. Kò sẹ́ni tó bu iyọ̀ sí i, síbẹ̀ iyọ̀ ń ta mí lẹ́nu. Omi yẹn ló ní in.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Ẹ wo iná ọ̀fẹ́!" Ẹ fara balẹ̀. Apá kan nínú wọn, àwọn Tūhourangi, ibòmíì ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, nítòsí òkè Tarawera. Lóru ọjọ́ 10, oṣù Okúdù, 1886, òkè náà bú, ó tu iná, ó tu ẹrẹ̀, ó bo abúlé mọ́lẹ̀. Ó tó ọgọ́fà èèyàn tó kú. Obìnrin kan, Sophia Hinerangi, tó máa ń mú àlejò rìn káàkiri ibẹ̀, ilé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sá sí tí wọ́n fi là á já. Àwọn tó ṣẹ́ kù wá bá ìbátan wọn ní Whakarewarewa, iṣẹ́ afinimọ̀nà yẹn náà ni Sophia sì ń ṣe nìṣó níbẹ̀.

Èyí tó yẹ kí àwọn ìjọba wa gbọ́ rèé. Àwọn ará ìlú Rotorua gbẹ́ kànga omi gbígbóná káàkiri láti fi mú ilé wọn móoru, ni àwọn orísun tó ń tu omi gbígbóná sókè bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Lọ́dún 1986, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n dí gbogbo kànga tó wà láàárín kìlómítà kan àbọ̀ sí Pōhutu, èyí tó tóbi jù nínú àwọn orísun náà. Inú bí àwọn tó ni kànga, ṣùgbọ́n àwọn orísun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ jí. Lójú mi báyìí ni Pōhutu ń tu omi, tí gbogbo ara mi tutù rinrin.

Ìyá àgbà tó kí wa káàbọ̀ fín ara sí àgbọ̀n. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ fún wọn, wọ́n fà mí sókè, wọ́n fi iwájú orí àti imú kan tèmi. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn, kí èémí àwọn méjèèjì lè pàdé. Wọ́n fi ibojì han wá: orí ilẹ̀ ni wọ́n mọ ọ́n sí, torí ilẹ̀ gbóná jù láti gbẹ́.

Mo bi wọ́n bóyá àpótí yẹn lè se mọ́ínmọ́ín. Mo ṣàlàyé ẹ̀wà lílọ̀, ata, epo. Wọ́n ní kí n gbé e wá, kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ̀wà wà ní Auckland, àmọ́ ewé ni kò sí. Ẹ má fi ewé eéran ránṣẹ́ o, àwọn aṣọ́bodè ibí kì í jẹ́ kí ewé tútù kọjá. Ẹ ṣáà sọ fún mi bí omi ẹ̀wà ṣe gbọ́dọ̀ ki tó bá jẹ́ agolo ni mo fẹ́ lò.

Ọmọ yín.